Iṣẹ́ Àbúrò Mi Tí Mo Tì Mọ́lé

Ní ọdún tí irun mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun, àbúrò mi obìnrin gbé iṣẹ́ kan wá fún mi. Mo ní kí ó jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì tì í mọ́lé títí di oṣù yìí. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ẹni tó bá ń ka ìwé ìhágún máa ń sáré wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ òun. Ẹ dúró díẹ̀ ná.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni ẹni tí gbogbo àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Wáyà. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà ní kíkún lára àpòòwé tí wọ́n fi ìwé yìí sí, lọ́wọ́ agbẹjọ́rò mi. Orí mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n ka oṣù inú ọdún láti ẹ̀yìn wá síwájú, mo sì kà á. Ó bi mí bóyá inú mi bàjẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ èyí. Ìwé ogún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú, mo ti fagi lé e.

Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni agbẹjọ́rò mi àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé inú yóò bí àkọ́bí mi pé n kò fi òun sí i. Ọmọ mi, ìwọ lo máa ń sọ pé iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo gbà ọ́ gbọ́ ni.

1. Ilé tí mo ń gbé, òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ́gbọọgba. Ìyá wọn ló yan ọ̀dà ara ògiri yàrá ìsàlẹ̀, àwọ̀ ewé kan báyìí tí mo bá a jà sí fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà tó ti kú, n kò kun ún. N kò lè sọ pé ìfẹ́ ni. N kàn kò kun ún ni. Ẹni tó bá fẹ́ kun ún nínú yín, kí ó kun ún.

2. Àpótí irinṣẹ́ mi, ẹ̀mú tí mo fi ń gé wáyà, àti gbogbo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, kí àkọ́bí mi kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe olùkọ́. Yóò béèrè pé kí ni òun fẹ́ fi àwókù ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èmi àti àbúrò mi ló kọ ètò kan tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí kò ní nǹkan kan nínú ṣiṣẹ́ bíi tuntun. Ọ̀kan ṣoṣo tó lágbára yóò wà ní yàrá ẹ̀yìn, òun ni yóò máa ronú, òun ni yóò máa pa gbogbo nǹkan mọ́. Àwọn tó wà lórí tábìlì àwọn òṣìṣẹ́ kò ní ju ojú àti ìka lọ. Aláìníkùn là ń pè wọ́n. Èyí tó lágbára, Ìyá ni àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́. Bí iná bá lọ, wọn yóò ní Ìyá ti sùn, wọn yóò gbé báàgì, ó di ilé.

A ṣí ètò yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó fún ẹlòmíràn. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn níbi ìpàdé àwọn oníṣòwò, wọ́n sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

3. Olóńgbò olójú kan tó máa ń sùn lórí Ìyá nítorí pé ara Ìyá gbóná, mo fi í sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò mi. Agbẹjọ́rò yóò ní òun kórìíra olóńgbò. Ẹ má dá a lóhùn. Mo ti rí i níbi tó ti ń ju ẹran sí i lábẹ́ tábìlì, tó sì ń wo ojú ọ̀nà bí olè.

4. N kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Mo jẹ apòògùn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ilé ìkàwé ní àlàyé kan, ibí yìí ni mo ti ń san án.

Obìnrin apòògùn yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ mi níbi ìpàdé, ó lọ gba ètò náà, ó fẹ́ fi sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjèèjì. Bí ènìyàn bá ń gbé ètò náà kalẹ̀, ó dé ibì kan tí yóò ti béèrè orúkọ ojú ọ̀nà tí Ìyá yóò gbà rí àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn aláìníkùn. Èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn. N kò kọ ìdáhùn rẹ̀ síbì kankan. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ kò ní lè lọ síwájú, àfi kí ó pè mí. Èmi yóò gbé báàgì mi, wọn yóò fún mi ní omi tútù, n óò tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn yóò máa wò mí bí ẹni tó jí òkú dìde. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Èmi gan-an ni n kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Apòògùn pè mí. Mo ní mo ń bọ̀. Iṣẹ́ pọ̀, n kò tètè lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń wo ara wọn lójú, àwọn tó wá ra oògùn ń bú wọn. Nígbà tó sú u, ó lọ ra ètò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan, èyí tí wọ́n tì pa, tí kò lè wo inú rẹ̀, tí kò sì lè kúrò nínú rẹ̀ mọ́. Àbúrò mi ló lọ bẹ̀ ẹ́. Ohun tí apòògùn sọ fún un ni pé: “Ẹ̀yin lẹ ní ilẹ̀kùn ṣí. Mo dé bẹ̀, ògiri ni mo forí gbá.”

5. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló kù. Láti kékeré la ti ń pè é ní Kíákíá, nítorí pé kò lè dúró de ohunkóhun. Ó gbé àga lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù apòògùn, ó jókòó láàárín àwọn páálí oògùn, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó dìde, ó ti kọ ohun tó ń gbé ètò wa kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò béèrè orúkọ ilé iṣẹ́, iye òṣìṣẹ́, àti ẹni tó láṣẹ. Ó tán. Ìyókù, yóò wá a rí fúnra rẹ̀. Ó ní kí obìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù gbìyànjú rẹ̀ wò. Obìnrin náà ṣe é parí, ó béèrè pé ibo ni iṣẹ́ náà wà.

Ní iṣẹ́ tiwa, ẹnikẹ́ni lè gbé àtúnṣe wá, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè fi í sínú èyí tí ayé ń gbà. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo wo iṣẹ́ Kíákíá lọ́jọ́ tó gbé e wá. Kò ní àbùkù. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbà á wọlé, fóònù mi yóò dákẹ́.

Mo ní orúkọ tó sọ apá kan nínú rẹ̀ kò dára. Ó yí i padà. Mo ní kí ó tún àlàyé rẹ̀ kọ. Ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà n kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó wá bá mi nílé, ní yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, kò jókòó. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kọ̀, ẹ ò sì gbà. Tó bá burú, ẹ sọ ọ́ sí mi lójú.” Mo dá a lóhùn pé sùúrù ni baba ìwà. Òwe ni mo fi dí i lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Kì í ṣe pé kò ní ọ̀nà mìíràn. Òfin ohun tí a ṣí sílẹ̀ gbà á láyè láti kó gbogbo rẹ̀, kí ó fún un ní orúkọ tuntun, kí ó sì máa lọ. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rọ̀ ọ́ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò ní gbé orúkọ mìíràn dìde sí ẹ̀gbọ́n òun, kí ayé má baà gbọ́ pé ọmọ ìyá kan náà ń du àwo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo ti mọ̀ pé ohun tí yóò sọ nìyẹn. Òun ni mo gbójú lé. Ohun tí òfin kò tì, ipò ẹ̀gbọ́n ni mo fi tì í.

Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó lọ ń tọ́jú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ilé ìfowópamọ́. Bí a bá pàdé, yóò ní ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, yóò béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, yóò kọjá. Àwọn oníṣòwò tó ń gbìyànjú ètò wa dín kù, àwọn tó ń bá wa tún un ṣe náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù mi dákẹ́ bákan náà. Ó yẹ kí èyí dùn mí jù báyìí lọ.

6. Agbẹjọ́rò mi ti kọ ọ́ síbí pé mo fi kọ́kọ́rọ́ ètò náà sílẹ̀ lógún fún àbúrò mi. Mo ní kí ó pa á rẹ́. A kì í pín ohun olóhun lógún. Ó ní kí ni kí òun wá kọ. Mo ní kí ó kọ pé mo ti dá a padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, mo gbé iṣẹ́ Kíákíá jáde. Orúkọ tí mo ní kò dára, mo dá a padà sí bó ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo yọ ìbéèrè tèmi kúrò. Mo fi tirẹ̀ wọlé fún gbogbo ayé, orúkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé láti ọdún wo ló ti wà lọ́wọ́ mi àti ìdí tí kò fi jáde. Lẹ́yìn náà mo pè é. Mo sọ ohun tí mo ṣe nígbà náà àti ohun tí mo ṣe lówúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó wá béèrè bóyá ara mi kò yá. Mo ní ara mi yá. Ó ní ó dáa.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà sí orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà mo gbìyànjú láti wọlé, bóyá mo lè wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ mi ni gbogbo rẹ̀, mo sì fọwọ́ ara mi sí i, ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹta:
Ọ̀gá Wáyà

Ojú àwọn wọ̀nyí ló ṣe, n kò sì fi ogún kankan sílẹ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn:
Apòògùn, tó kà á tán kó tó fọwọ́ sí i
Káfíńtà tó ń gbé ilé kejì