Má Tíì Jẹ́rìí Sí I

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Lotto,
Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Mobọ́lájí, Bàbá Sàúdátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ilé o, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó dá rìn dé ilé ìdáná? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé ò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn lójoojúmọ́, àbí o tún ti ń fi í sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ yá? Má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo gbọ́ pé òjò wó ògiri kan lẹ́yìn ilé yín. Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, àyà mi á máa já. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, jọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí mi pé irọ́ ni.

Èmi náà wà. Mi ò lè sọ pé ara mi le, mi ò sì lè sọ pé àìsàn ń ṣe mí. O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọláwùnmí ọmọ mi ni mo ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Aago márùn-ún ìdájí ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ọkọ rẹ̀ sì wà ní Warri lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, èmi àti Jésùlayọ̀mi ọmọbìnrin wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Láyọ̀, la jọ máa ń wà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Èmi ni mo ń mú un lọ sílé ìwé tí mo sì ń mú un bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi rárá bí a bá súnmọ́ títì márosẹ̀ yìí, débi pé ó máa ń ní, "Bàbá àgbà, ẹ ti fún mi lọ́wọ́ pa."

Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí pé etí rẹ kò gbọ́ dáadáa mọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo. Aládùúgbò wa kan tó ń bọ̀ ní Ifọ̀ lọ́la ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má kì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Má rẹ́rìn-ín.

Pápá kan wà nítòsí wa níbí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbémiga ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Ó pín àwọn ọmọ náà sọ́nà méjì, àwọn kéékèèké tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án, àti àwọn ńlá tí kò tíì pé méjìlá. Ọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké ni Láyọ̀ wà, òun àti Fadilah, ọmọ ilé kejì wa, tó jẹ́ gólì wọn. Mobọ́lájí, èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù ju kí bàtà má fún ọmọ lẹ́sẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọmọ yìí mọ̀ ọ́n gbá. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, á dà bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀. Ó lè gbá góòlù márùn-ún wọlé kí wọ́n tó dúró mu omi. Èmi a sì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá pápá, màá máa ka iye ìgbà tó bá ṣubú.

Láàárín oṣù tó kọjá, Gbémiga wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ọmọ mi ti ju àwọn wọ̀nyí lọ. Ó ní Láyọ̀ ti ń yán lórí pápá, kò rí nǹkan kọ́ mọ́, kí a jẹ́ kí òun gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ńlá. Mo wo àwọn ńlá náà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó Gbémiga fúnra rẹ̀. Mo ní, "Gbémiga, èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn, kò tíì pé méjìlá?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, oúnjẹ ilé wọn ló dáa, ẹ má wo gíga."

Nígbà tí Ọláwùnmí dé lálẹ́ tí mo sọ fún un, ńṣe ló fò sókè. Mo ní kí a rọra ṣe é. Ó ní, "Dádì, kí lẹ tún ń bẹ̀rù báyìí? Bí omi bá ń ṣàn, ẹ ó ní ó fẹ́ gbé èèyàn lọ. Bó bá dúró, ẹ ó ní ó ti di ibú." Kí ni mo fẹ́ wí? Mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọmọlabí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un rí.

Ìwọ nìkan ló mọ ìdí tí oorun fi dá lójú mi láti ọjọ́ náà. Lọ́dún 1992, nígbà tí ò ń kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹta ní Ifọ̀, kíláàsì rẹ ni Ọmọlabí àkọ́bí mi wà, òun àti Sàúdátù ọmọ rẹ. Ọ̀gá àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kó fo ìwé kẹrin bọ́ sí ìkarùn-ún. O wá bá mi nílé, o ní orí rẹ̀ pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kó gbó díẹ̀ sí i láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo sì sọ fún ọ lójú aya mi pé ìlara ló ń ṣe ọ́ nítorí pé wọn kò mú Sàúdátù. O dìde, o kò sì mu omi tí wọ́n gbé fún ọ. Ọdún kan ààbọ̀ la kò fi bára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a tún wá ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ ohun tó dà wá rú. Mo ń dárúkọ rẹ̀ lónìí. Mo jẹ̀bi. Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni kó tó jáde lẹ́nu mi tán.

Ohun tí ìwọ kò mọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo mú ọmọ náà jáde níjọ, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti gbé e fo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. A dúpẹ́, a jó, a se ìrẹsì fún ìjọ. Kò pé oṣù mẹ́rin sí i tí Ọmọlabí wá dọ̀bálẹ̀ síwájú mi. Ó ní àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ń gba ìjókòó òun, wọ́n ń fi òun rán níṣẹ́ bí ẹrú, kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun padà sọ́dọ̀ àwọn Sàúdátù. Mo ní, "A ti jẹ́rìí." Mo bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí n lọ sọ níwájú ìjọ pé Ọlọ́run gbé e ga, ó sì jábọ́. Kò tún béèrè mọ́ láéláé. Ó ń tọ̀ sórí ẹní títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ní mẹ́rìndínlógún, ó ní òun kò lọ sílé ìwé mọ́. Àwọn èèyàn ní ayé ló ń bá a jà. Èmi náà bá wọn ṣe àmín.

Wẹ́dà ni báyìí, ní Akute. Kò jìnnà sí wa níbí, ṣùgbọ́n ọdún kẹfà rèé tí kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Láyọ̀ wá dé, mo rò ó títí, mo rí i pé kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bi léèrè ju ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Mo wọkọ̀ lọ sí Akute lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan láìsọ fún Ọláwùnmí. Ó ń jó irin fèrèsé lọ́wọ́. Ó bọ́ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀, ó gbé àga fún mi, ó ra mínírà. Mo ròyìn ọmọ náà fún un. Irin yẹn ló ń wò ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá mi, bó bá wù ú, kó lọ. Lílọ kọ́ ló pa mí. Ẹ ṣáà jẹ́ kó lè padà." Ó wá ní kí n mu mínírà mi kó tó gbóná.

Mo padà délé, mo sì sọ fún Ọláwùnmí pé mo ti gbà, kí Láyọ̀ máa lọ, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ẹ́, kó má tíì jẹ́rìí sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀rí ńkọ́, Dádì? Ṣé ẹ ò fẹ́ kí Ọlọ́run gba ògo ni?" Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìtìjú dì mí lẹ́nu. Òun kéré nígbà ti Ọmọlabí, ìrẹsì tí a sè lọ́jọ́ náà nìkan ló rántí. Ó ní òun gbọ́.

Sátidé àkọ́kọ́ tí Láyọ̀ bá àwọn ńlá gbá, ó gbá ọ̀kan wọlé. Àfi bí ẹni pé wọ́n bí i lẹ́ẹ̀kejì ni inú ìyá rẹ̀ ṣe dùn. Ní ọjọ́ kejì, nínú ìjọ wọn ní Ìbàfò, mo rí i tí Ọláwùnmí dìde, tó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ síwájú. Kí n tó pè é, ó ti dé iwájú. Ó jẹ́rìí. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Iwájú ló ń lọ! Kò ní padà sẹ́yìn láé!" Gbogbo èèyàn ké àmín. Ètè mi kò gbà.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ńlá kì í gbá bọ́ọ̀lù sí i. "Bébì" ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní kó lọ mu ògì. Ọ̀kan fi èjìká gbá a, ó ṣubú, ètè rẹ̀ bẹ́. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́rú ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kò sì jẹun tán mọ́. Bí mo bá béèrè, á ní kò sí nǹkan kan. O mọ̀ mí, mo ti ń ro tàìfọ́ọ̀dù, mo ti ń ro aràn.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá yìí, mò ń bá a so okùn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó rọra béèrè pé, "Bàbá àgbà, ṣé Ọlọ́run á bínú tí mo bá padà sọ́dọ̀ Fadilah?"

Mobọ́lájí, mo fi okùn bàtà náà sílẹ̀. Mo ní kò ní bínú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì ti jẹ́rìí." Mo ní bóyá Mọ́mì jẹ́rìí tàbí kò jẹ́rìí, kò ní bínú. Ó wo ojú mi pẹ́ títí kó tó gbà mí gbọ́.

Mo mú un lọ́wọ́, a gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ńlá kọjá, a lọ sí ìhà àwọn kéékèèké. Gbémiga sáré bá wa, ó ní, "Bàbá, ṣùgbọ́n Mọ́mì Láyọ̀ ní..." Mo ní, "Èmi ni mo mú un wá." Ó họ orí, ó ní kò burú, bó bá tún wù ú lọ́dún tó ń bọ̀, àyè rẹ̀ wà. Fadilah ti ń pariwo láti ẹnu ilé gólì pé, "Àwọn àgbà ti dé o! Ẹ káàbọ̀ mà!" Ó sì ju bọ́ọ̀lù lù ú. Láyọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọláwùnmí bínú gidigidi. Ó ní mo ti dójú ti òun, kí ni òun fẹ́ sọ fún Pásítọ̀? Mo wá sọ ti Ọmọlabí fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan ẹní tó ń tọ̀ sí. Ó gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Láti ìgbà náà, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa.

Lánàá, mo pe Ọmọlabí. Mo ní, "Mo mú un padà." Ìró jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní, "Wọn ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́?" Mo ní wọ́n fi í ṣe díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá mi." Ó ní oníbàárà ń dúró de òun.

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo jẹ̀bi, bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ lókè yìí. Ẹnu mi kò gbé e. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni, kò sì sí ìwé kẹrin kankan tí mo lè fà á lọ́wọ́ padà sí. Olùkọ́ rẹ̀ ni ọ́, ó bọ̀wọ̀ fún ọ, ìwọ lo sì gbèjà rẹ̀ nígbà tí èmi bàbá rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ara rẹ bá gbé e, jọ̀wọ́, jẹ́ kí a jọ lọ sí Akute. O kò ní láti sọ nǹkan kan. Ṣáà jókòó tì mí kí n lè sọ ọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó rọra máa tẹ ilẹ̀. Bá mi kí Sàúdátù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Láyọ̀ ní kí n kí ọ. Bí o bá ń bọ̀, má gun ọ̀kadà o, jọ̀wọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí o kò kọ̀ sílẹ̀,
Olúfúnṣọ́ Ògúnbọ̀dé.