Eléèló àti Ẹ̀rọ Géèmù Tuntun

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Bélú

Ẹ̀rọ géèmù tuntun dé ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ yìí. Gbogbo ìlú ló ti ń retí ẹ̀, àmọ́ páálí tí wọ́n kó fún wa ò tó nǹkan. Èmi ni mo ń kọ iye sára ọjà — Ọ̀gá ní ojú mi mọ ọjà. Mo kọ tiẹ̀ gàdàgbà sórí páálí funfun, mo gbé e sójú wíńdò. Afọ́jú nìkan ni ò ní rí i.

Ọkùnrin kan wọlé. Ó kọjá lára páálí yẹn, ó kọjá lára mi, ó lọ bá Akápò nídìí káńtà. "Èló ni?" Akápò bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí iye.

Akápò ni mo ń pe ọmọbìnrin tó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Òun ni mo fẹ́ fẹ́. Kò tíì mọ̀ — mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn létí ẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wá a. Kí ọkùnrin yẹn yáa ra ọjà ẹ̀ kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Kò rà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó tún wá. "Èló ni?" Àbí iye àná ti ṣí kúrò lójú ẹ̀ ni? Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Eléèló. Ìbéèrè ẹ̀ pa Akápò lẹ́rìn-ín débi tó fi di káńtà mú. Èmi pa àwàdà fún un lóṣù tó kọjá, ó ní "hẹn-ẹ́n, ẹ̀gbọ́n," ó ń ka owó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ojoojúmọ́ ni. Ọwọ́ òfo ló fi ń lọ, ẹ̀rín Akápò ló ń kó lọ. Mo wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa — gìgísẹ̀ ẹ̀ ti jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lówó.

Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo lọ bá Ọ̀gá, mo ní ọjà yìí ti ń wọ́n, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń wá a, ẹ jẹ́ ká fowó lé e. Ó ní kí ló fi hàn bẹ́ẹ̀? Mo ní ojú ọjà ni. Irọ́ ni. Owú ni. Mo fagi lé iye àtijọ́, mo kọ tuntun sókè ẹ̀. Ká wá wo ẹni tó máa béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ayé ò yé mi mọ́. Àwọn tó ń kọjá rí iye tí mo fagi lé, wọ́n ní háà, ó ti ń gbówó lórí, ẹ tètè rà á kó tó tún lọ sókè! Wọ́n tò dé ẹnu ọ̀nà oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń ti ara wọn. Ọ̀gá ní orí mi pé, níwájú gbogbo èèyàn.

Inú mi ò dùn. Eléèló náà tò. Nígbà tó kàn án, ó fara ti káńtà: "Èló ló tún dà?" Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń pariwo. Kí ni wọ́n ń sọ? Ṣebí iye kan ṣoṣo ni!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ó tún wá. Lọ́fínńdà tó fín ń ta sánsán dé ìdí tábìlì mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mi ò bá má sọ. Aṣọ ló ń lọ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ kó lè ráyè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "O ti sọ fún ọmọbìnrin náà?" Rárá. "Ṣé kó lá a lálàá ni?" Ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó tún ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, kí n lọ wo ara mi nínú dígí.

Mo lọ wò ó lóòótọ́. Ẹran wà níbẹ̀ — ó kàn kéré ni.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo tún fowó lé e. Owó gọbọi lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá ò bá mi jiyàn, adùn ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò rà á. Wọ́n á wo páálí, wọ́n á ní "ṣé ẹ ń ta ilé mọ́ ọn ni?", wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta fóònù lódìkejì lọ. Òun náà ti kó tiẹ̀ dé. Ọ̀gá ń wò mí bí ẹni tó jí i lówó.

Eléèló nìkan ló wọlé tayọ̀tayọ̀. Kò sí iye tó máa lé ọkùnrin yìí.

Ọjọ́rú, 12

Ó dáa. Bí ọ̀wọ́n ò bá lé e, kí ọ̀pọ̀ lé e. Mo ní ká já owó ẹ̀ wálẹ̀, kó tiẹ̀ kéré sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kó rà á, kó máa lọ.

Yéè! Àwọn tó rà á ní ọ̀wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì já wọlé: "Ẹ dá owó wa padà, ẹ̀yin ọlọ́ṣà!" Àwọn tí kò tíì rà á ń fura: "Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Ọ̀gá dá iye ọjọ́ àkọ́kọ́ padà, ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan báírò mọ́ láìgba àṣẹ.

Eléèló ń bá Akápò to páálí tí wọ́n dà sílẹ̀. Nígbà tó lọ, mo ní ṣé kò fẹ́ ra géèmù yìí ni? Akápò ní, "Òun kẹ̀? Kò mọ̀ ọ́n gbá. Kò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀." Kí ló wá ń béèrè láti ọjọ́ yìí?

Mo mọ ohun tó ń béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ọ̀la ni mo máa sọ fún un. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Mi ò tíì lanu tí Akápò fúnra ẹ̀ fi wá bá mi nídìí tábìlì. Ó jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan." Mo ní máa wí, máa wí.

Ó ní ẹ̀rọ géèmù tó ṣẹ́kù yẹn, ọ̀kan ṣoṣo — èló ni jálẹ̀?

Mo ní ta ló fẹ́ ẹ? Ó wolẹ̀. Ó ní bàbá ẹ̀ ni — bàbá Eléèló, àmọ́ orúkọ ẹ̀ gan-an ló pè. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì, géèmù ni wọ́n ń gbá tọ̀sán tòru. Ọ̀la lòun ń bá a lọ kí wọn nílé. Òun ò lè lọ fojú kan bàbá ọkọ òun fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òfo. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bàbá ọkọ.

Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Ọ̀gá ò sí nítòsí. Mo ní ó ti ku ọ̀kan, ó ti wọ́n, iye ọjọ́ Ajé ni — èyí tó lé gbogbo ìlú sá. Mo fẹ́ kó bínú. Mo fẹ́ kó jókòó tì mí, kó máa bẹ̀ mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Akápò tí mo mọ̀, á ná bọ́tìnnì kan títí ẹni tó ń tà á á fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọkọ̀ tí wọ́n bá pè fún un, ìdajì ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣí báàgì ẹ̀, ó san gbogbo ẹ̀. Ó gbé páálí náà mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kò tiẹ̀ ná an.