Obìnrin Tó Jókòó Níwájú Mọ́tò Ọmọ Mi

Ayọ̀dèjì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà nínú òtútù Thamesmead yẹn? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ ọ lórí ìjókòó mọ́tò. Àwa náà wà dáadáa, àgbàdo ti gbó, ewúrẹ́ funfun bí ìbejì, bàbá rẹ sì ń kí ọ, ó ń tiro kiri bó ti máa ń ṣe.

Mo rí fọ́tò tí o yà nínú mọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì yín. O kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé Mummy Felicia ni obìnrin tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mummy ti báwo? Ṣé mo ti kú ni? Mo tún rí okùn dúdú tó fi dì ọ́ mọ́ àga, tó sì fi irú ẹ̀ di ara ẹ̀, kí ẹ má baà pínyà. Háà! Èmi tí mo fi ọ̀já pọ̀n ọ́ fún ọdún méjì ààbọ̀, n kò dì ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mò ń jowú, n kò ní purọ́, n kò jẹun lọ́jọ́ náà.

O ní òun ló máa ń pariwo láti àdúgbò Barnfield pé kí o sáré, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin, àwọn tó wà lẹ́yìn á gbè é lẹ́sẹ̀, ìwọ náà á wá tẹná. O ní ẹ̀rọ ìjọba kan yà ọ́ ní fọ́tò lọ́nà Shooters Hill lọ́jọ́ tí o sáré jù. Fọ́tò tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ yà, o kò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ! Àbí Felicia lo fún?

Mo ka lẹ́tà rẹ fún bàbá rẹ kí ó lè bá mi bínú. Kò bínú. Ó ní awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń de okùn yẹn, pé bí òun bá ní irú ẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹsẹ̀ òun kì bá tí ṣẹ́. Ó wá wojú mi.

Ayọ̀dèjì, kì í ṣe kòtò ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ bí a ti sọ fún yín. Èmi ni mo jókòó níwájú mọ́tò tó ń wà lọ́jọ́ náà. Ìyá Keziah, orogún mi, wà nínú mọ́tò tó ṣáájú, a ń lọ síbi ìkómọ, mo sì ní dandan èmi ni n ó kọ́kọ́ débẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n ní sùúrù. Mo ní ṣé ẹ̀rù ló ń bà á ni, àbí ìyá Keziah ló fẹ́ràn jù. Ó bá sáré.

Nítorí náà, bí Mummy rẹ bá pariwo, rẹ́rìn-ín, ní kí wọ́n má bínú, kí o sì rọra máa lọ. Ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì á ṣì bá àmín. Bí kò bá dákẹ́, dúró, kí o ní kí ó lọ jókòó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí èmi náà bá dé London, ẹ̀yìn ni kí o fi mí sí, bí mo tilẹ̀ ń sunkún.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró tí mo fi ń pa ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Àlọ rẹ, àbọ̀ rẹ, o kò ní fara pa. Máa de okùn yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n kí Felicia mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ dì ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ, ọ̀kan ṣoṣo tí o ní.