Ẹ̀gbọ́n Mi Dá Ẹjọ́ Kánẹ́ẹ̀lì

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìtẹ̀wé Ẹ̀gbọ́n Mi,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Baba Àríyànjiyàn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ìkókó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹ̀yìn tó ń dun ìyá rẹ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le koko, àfi ẹ̀rín tó fẹ́ pa mí.

O kò tíì gbàgbé ìjà wa. Ìwọ ní kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, ló yẹ kó máa tú fáìlì sípù, ìyẹn àwọn fáìlì tí a dì pọ̀ bí ẹrù, fúnra rẹ̀, kí ẹrù dídì máa ṣí bíi fódà lásán. Èmi ní rárá, ẹrù àjèjì kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí ẹ̀mí gbogbo ilé wà. Mo ròyìn ìjà náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kàn wọ́n.

Wọ́n ń to ìwé fún òǹkọ̀wé kan, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀bù tuntun wọn rí gbà. Inú sípù ni ìwé náà bá dé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, wọ́n sì ń tún un ṣe láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Wọn ò kọ́kọ́ tú ẹrù náà síta, ẹ̀dà onígbà díẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí wọ́n ṣe pa á dé báyìí, iṣẹ́ di àwátì! Òǹkọ̀wé sì ti ní bí òun kò bá rí iṣẹ́ náà gbà lọ́jọ́ Ẹtì, òun yóò gbé e lọ síbòmíràn. Ẹkún wà lóhùn wọn lórí fóònù: "Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà yìí! Mo ṣí nǹkan, ó ṣí, ẹ tún ní mi ò tíì tú u!"

Àánú wọn ṣe mí, mo sáré dé ibẹ̀. Mo kọ ètò kékeré kan tó jókòó síta kánẹ́ẹ̀lì. Ó ń fi sípù hàn bíi fódà, ohun tí wọ́n bá sì tún ṣe, ó ń dá a padà sínú ẹrù. Lọ́jọ́bọ̀, òǹkọ̀wé fi àwòrán èèpo ìwé ránṣẹ́ nínú sípù mìíràn, èyí tó ti bàjẹ́ lọ́nà. Ẹ̀dà ètò mi tó ń tú ìyẹn (sípù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀) ṣubú lulẹ̀ gbì! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun kò mì rárá. Ìka tó ṣẹ̀ lọba gé. Ká ní inú kánẹ́ẹ̀lì ni, gbogbo ẹ̀rọ ni ì bá kú pọ̀ mọ́ ìwé òǹkọ̀wé.

Lánàá, òǹkọ̀wé gba ìwé rẹ̀, ó sì fún wọn ní òmíràn. Mo ń retí oríkì. Àṣé oníbàárà kan ni wọ́n ń ròyìn fún: "Ọ̀rẹ́ àbúrò mi ló ní kí kánẹ́ẹ̀lì máa tú u. Orí ló bá mi ṣe é tí àbúrò mi gbọ́ràn sí i lẹ́nu!" Mo ṣàlàyé títí pé ìta kánẹ́ẹ̀lì ni ètò mi wà, itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Wọ́n ní kí n yéé jowú. Inú bí mi, àmọ́ bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín kiri ṣọ́ọ̀bù, ayọ̀ gbà mí lọ́kàn.

Bá mi kí ìyàwó, kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá fún mi, bó o tilẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ gan-an. Mo ti jíṣẹ́. Bí o bá máa rẹ́rìn-ín, ilẹ̀kùn ni kí o kọ́kọ́ tì.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bó tilẹ̀ ń ta mí lára,
Olóríkunkun