Kẹ̀kẹ́ Afẹ́fẹ́ Alafiarou

Àmọ̀kẹ́ aya mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà ní Kétu? Ara tèmi le koko. Tairou, ọmọ onílé mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ mi ló dí.

Kẹ̀kẹ́ afẹ́fẹ́ tí a wá gbé kalẹ̀ ní Alafiarou níbí ti ń fa omi láti inú kànga! Lọ́jọ́ tí a ṣí i, àwọn kamaradì ìjọba láti Kútọnu sọ̀rọ̀ títí, "Ìyípadà dandan!", àmọ́ kẹ̀kẹ́ ò mira. Ìyá àgbà kan ní, "Ẹ jókòó jàre. Ta ló ń pàṣẹ fún afẹ́fẹ́?" Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó yí, omi ń tú jáde láìsí ẹni tó fa okùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun òkè rẹ̀ láti fi epo sí i, afẹ́fẹ́ bá dé lójijì. Háà, Àmọ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ yẹn lágbára! Wọ́n ti tẹ́ ẹní fún mi sábẹ́ igi, kí n lè máa wò ó láti àárọ̀ dalẹ́.

Bá mi kí ìyá mi, sọ fún un pé mò ń jẹun yó. Ṣáà má jẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹ ẹ́.

Èmi ọkọ rẹ,
Ọláyínká