Aṣọ Tí Wọ́n Gé Lọ́rùn Ọmọ Mi

Ojúlé 18, Òpópónà Aláró,
Ìkòsì-Kétu,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹtàlá, Oṣù Kejì, Ọdún 2006.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Bójú Tó Àwọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Aládàáni,
Ọ́fíìsì Ètò Ẹ̀kọ́,
Kòsọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ MÁ ṢE JẸ́ KÍ ÌYÁÀFIN DOROTHY ṢÓWÁNDÉ DI Ọ̀GÁ ILÉ-Ẹ̀KỌ́: Ó FI ÀLÙMỌ́GÀJÍ GÉ AṢỌ ÌTỌ́JÚ KÚRÒ LÁRA ỌMỌ MI

Orúkọ mi ni Clara Ọláṣùpọ̀. Ẹ̀wà ni mò ń tà ní ọjà Mile 12. Ọmọbìnrin mi, Success, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì ń lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀ ní Ìkòsì títí di oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá. Ẹni tí mò ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn yín ni igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Ìyáàfin Dorothy Ṣówándé. Wọ́n ti bẹ̀ mí títí pé kí n gbàgbé, mo sì ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi í ṣe ọ̀gá pátápátá ní ẹ̀ka tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Ìṣẹ̀rì Olówóòrà. Ọjọ́ tí mo gbọ́ náà ni mo ra bébà tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, Success ń se ìrẹsì nílé nígbà tí sítóòfù bú gbàù. Àwọn tó ta kẹrosíìnì fún wa ti bu pẹtiróòlù là á. Bọ́dì-họ́ọ̀gì ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, aṣọ pélébé tó ń fà, tó sì ń lẹ̀ mọ́ra bí awọ, èyí tí gbogbo ọmọbìnrin ìgboro ń wọ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í jó di eérú bí aṣọ òwú. Ṣe ló ń yọ́. Ó yọ́ mọ́ ọmọ mi lọ́rùn, ní èjìká òsì àti ní apá. Àwọn nọ́ọ̀sì ní láti máa ṣa á kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń pè mí.

Nígbà tí egbò jiná, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù sọ fún mi pé ewu kejì ń bọ̀. Wọ́n ní àpá iná máa ń wú, á le, á sì máa fa ẹran ara jọ bí ìgbà tí ènìyàn bá fa okùn ẹnu àpò. Ẹ̀yin Ọ̀gá, aṣọ tó ń fà náà ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Wọ́n wọn ọrùn, àyà àti apá Success, wọ́n sì rán ọ̀kan tó bá ara rẹ̀ nìkan mu, aláwọ̀ ara, tó ga dé abẹ́ àgbọ̀n tó sì gùn dé ọrùn ọwọ́. Náílọ́ọ̀nù ni, ṣùgbọ́n wọ́n hun fọ́nrán kan mọ́ ọn tó dà bíi rọ́bà, tó sì tín ju irun orí lọ. Fọ́nrán yẹn ló ń jẹ́ kí aṣọ náà fún ara pinpin láìdẹwọ́, kí àpá má lè rí àyè wú. Wọ́n ní kó máa wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, kó má bọ́ ọ àfi tó bá fẹ́ wẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Mummy, irú aṣọ tó jó mi náà nìyí." Mo ki apá ara mi bọ inú rẹ̀ níwájú rẹ̀ kó tó gbà.

Aṣọ náà ṣiṣẹ́. Nígbà tí sáà tuntun fi máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, àpá náà ti ń rọ̀, ó sì ń tẹ́ lọ. Ọmọ náà ti tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Mo ṣí bọ́tìnnì ọrùn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo fi aṣọ náà hàn, mo sì ṣàlàyé ohun tó wà fún. Ọ̀gá ní kò sí wàhálà. Ìyáàfin Ṣówándé jókòó lórí àga kejì nínú ọ́fíìsì kan náà. Ó wo ọrùn ọmọ mi, ó sì mú ojú kúrò.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Kẹwàá, ìyáàfin yìí bọ́ sórí pèpéle níbi àpéjọ òwúrọ̀, ó sì kéde pé òun máa fòpin sí bọ́dì-họ́ọ̀gì tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ sábẹ́ yunifọ́ọ̀mù. Ó ń fa kọ́là wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Success, ó ní kó gòkè wá kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ọmọ náà ní, "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ọsibítù ni. Mummy mi ti sọ fún yín." Èsì tó fún un rèé, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi: "Ìyá ẹ lè tan ọ̀gá jẹ, kò lè tan èmi jẹ. Ohun tó jó ẹ náà lo tún kó sọ́rùn."

Ó sì gbé àlùmọ́gàjí. Ó tì í bọ abẹ́ àgbọ̀n ọmọ mi, ó gé aṣọ náà wálẹ̀ dé àyà, lẹ́yìn náà ó gé apá rẹ̀. Nítorí bí aṣọ yẹn ṣe máa ń fún tó, bí irin ṣe kàn án báyìí ló là gbaragada fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín tán. Kò sí olùkọ́ kankan tó mira. Ruqoyah, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló jáde lórí ìlà, ó bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀, ó sì fi wé ọrùn Success. Nítorí èyí, Ìyáàfin Ṣówándé ní kí Ruqoyah kúnlẹ̀ sínú oòrùn títí di ìgbà ìsinmi.

Ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ káàkiri báyìí pé àṣìṣe ni, pé ìyáàfin náà kò mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà ka ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó ní "ohun tó jó ẹ" mọ̀ pé iná ti jó ọmọ náà. Ẹni tó ní "ìyá ẹ lè tan ọ̀gá jẹ" gbọ́ àlàyé tí mo ṣe fún ọ̀gá. Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì gé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú Sùrájù, ẹni tí a jọ ń tajà. Ìyáàfin Ṣówándé bá mi lẹ́nu géètì. Ó ní, "Madam, aṣọ ni mo gé, mi ò gé ọmọ yín. Ẹ lọ ta ẹ̀wà yín." Mo ní n kò lọ. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n ní mo kó jàǹdùkú wá. Jàǹdùkú náà ni Sùrájù, tó ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n mú wa jókòó sẹ́yìn káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá títí ilẹ̀ fi ń ṣú, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà ilé-ẹ̀kọ́ gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan wá. Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ má bínú, wọ́n ti ra òmíràn padà." Bọ́dì-họ́ọ̀gì pupa ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pàtẹ lábẹ́ afárá Kétu, tó ní ìràwọ̀ tó ń dán láyà. Mo so ó mọ́ ìwé yìí. Ẹ fi ọwọ́ yín fà á wò, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá.

Aṣọ ìtọ́jú kò sí ní ọjà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó irú aṣọ tí wọ́n fi ń rán an wá, àwọn òṣìṣẹ́ ọsibítù sì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì lákòókò náà. Mo gbé aṣọ tó ń fà lọ bá télọ̀ kan ní Kétu pé kó bá wa rán an. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí a ṣe fọ̀ ọ́ ló dẹ̀, ó sì ń bó ọmọ náà lára. Kí òmíràn tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún yìí, àpá náà ti wú, ó ti le bí igi. Ó ti fa orí Success sí èjìká òsì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, ó ní ká dúró di ọdún tó ń bọ̀, kò sì ṣèlérí fún wa pé yóò padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò ní fi ohun tó wà lọ́kàn mi pamọ́ fún yín. Ẹ̀san ni mò ń wá. Ọkọ mi jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, ó ti gba ẹ̀bẹ̀. Pásítọ̀ wa wá, onílé wa wá. Success fúnra rẹ̀ ní, "Mummy, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún máa wò mí." Wọ́n ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi lé E lọ́wọ́. Mo sì tún ń fi lé ẹ̀yin náà lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe Ọlọ́run ló ń fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwé àṣẹ.

N kò béèrè kọ́bọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ má ṣe jẹ́ kí obìnrin yìí di ọ̀gá ní Olówóòrà tàbí níbikíbi. Mo fẹ́ kí ẹ gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó lọ, mo fẹ́ kó gun orí pèpéle kan náà níbi àpéjọ òwúrọ̀, kó pe orúkọ Success Ọláṣùpọ̀ sókè, kó sì sọ pé, "Mo mọ̀, mo sì gé e." Kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ruqoyah pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Ìyáàfin Ṣówándé méjì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Mo fẹ́ kí wọ́n wà lórí ìlà lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́, n kò sì ní pa á rẹ́.

Bí ẹ kò bá rí nǹkan ṣe sí i, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ẹ̀ka Olówóòrà ni n ó dúró sẹ́nu géètì rẹ̀. N ó máa sọ ohun tí mo kọ síbí fún òbí kọ̀ọ̀kan tó bá mú ọmọ wá. Ẹ̀wà kì í tètè bàjẹ́. Ọjà mi lè dúró dè mí.

Lánàá, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, a fẹ́ sọdá títì Ìkòsì. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọdá máa ń yí ọrùn wo òsì àti ọ̀tún. Success ní láti yí gbogbo ara rẹ̀ padà, bí ẹni tó fẹ́ padà sẹ́yìn, kó tó lè rí ọ̀kadà tó ń bọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ọmọ tó ti ń dá títì yìí sọdá láti ìgbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ na ọwọ́ sí mi, mo sì dì í mú.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ibí. Ìdájọ́ yín ni mò ń retí.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Clara Ọláṣùpọ̀ (Ìyáàfin),
Ìyá Success.