Ìjókòó Amaro Nínú Bọ́ọ̀sì

Eladio, àbúrò mi ní Argentina,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Màlúù wa ti bímọ, abo ni. Orúnkún mi ṣì ń yọ mí lẹ́nu.

O mọ̀ pé Amaro ọkọ mi kú láì dé ṣọ́ọ̀ṣì Áńdérù Mímọ́ létí òkun, bẹ́ẹ̀ dandan ni kí olúkúlùkù wa lọ síbẹ̀, òkú tàbí ààyè. Mo lọ pè é lójú oórì: "Dìde jàre, bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè wá." Ìjókòó méjì ni mo sanwó fún. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Aláǹgbá kan dábùú ọ̀nà, mo sì dúró kó kọjá, torí òkú tí kò rẹ́ni mú un lọ ló ń di aláǹgbá. Mo ń bá Amaro sọ̀rọ̀ títí òkun fi yọ nísàlẹ̀ òkè. Ibẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo fi í sílẹ̀ sí.

Nígbà tí mo ń padà, mo tún sanwó ìjókòó méjì. Awakọ̀ tó gbé wa lọ wò mí: "Màmá, ṣebí ẹ ti fi bàbá sílẹ̀ lọ́hùn-ún?" Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ti àga òfìfo nìyẹn títí délé.

Eladio, ìwọ náà ò tíì débẹ̀. Orúnkún yìí ò lè gbé mi dé Argentina wá pè ọ́ lójú oórì. Jọ̀ọ́, fẹsẹ̀ ara rẹ wá. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká ríra láàyè.

Tíkẹ́ẹ̀tì kejì ló wà nínú àpòòwé yìí. Kò sẹ́ni tó lò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dosinda